Ọ̀sà Èkó: Gbígbá Ojú Omi Nìkan Kò Tó

Ẹni tó bá gba orí afárá Third Mainland kọjá ní kùtùkùtù, kí súnkẹrẹ-fàkẹrẹ tó gbòde, á rí ọ̀sà tó tẹ́ lọ rẹrẹ títí dé ibi tí ojú lè ríran mọ. Àwọn apẹja Ègùn àti Ìlàjẹ ti wà lójú omi ní tiwọn, ẹnì kan ń tukọ̀, ẹnì kejì ń ju àwọ̀n. Èéfín ń rú díẹ̀díẹ̀ láti ọ̀nà Òkó Bàbá, ibùdó àwọn onípákó. Láti òkè afárá, gbogbo rẹ̀ dùn ún wò. Ìsàlẹ̀ ni ọ̀rọ̀ wà, létí omi ní Ìddó.

Ọ̀pọ̀ ọdún ni ojú àwọn ará Ìddó ti fi rí i. Ọkọ̀ táńkà tó ti lọ fa sọ́kàwéè ní Súrùlérè tàbí ní Yábàá á fẹ̀yìn rìn títí dé etí omi. Ọmọ ọkọ̀ á bọ́ sílẹ̀, á fa ọrùn ẹ̀wù rẹ̀ bo imú, á so rọ́bà tó nípọn tó itan àgbàlagbà mọ́ ìdí táńkà, á sì ṣí ẹnu rẹ̀. Láàárín ìṣẹ́jú mélòó kan, ohun tí odidi agboolé kan ti yà fún ọ̀pọ̀ oṣù ti di ti ọ̀sà. Táńkà yẹn á kúrò, òmíràn á gba àyè rẹ̀. Ìjọba mọ̀ nípa rẹ̀. Àwọn onímọ̀ ẹja ti kọ ọ́ sínú ìwé ìwádìí wọn láti bí ọgbọ̀n ọdún sẹ́yìn. Àwọn apẹja sì ti mọ̀ ọ́n ṣáájú gbogbo wọn, nítorí àwọ̀n tiwọn ni nǹkan náà ń lẹ̀ mọ́.

Láìpẹ́ yìí, Ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó ti ń fi hàn pé ọ̀rọ̀ omi yìí ń jẹ òun lọ́kàn. Ní oṣù January 2024, Kọmíṣánnà fún ọ̀rọ̀ àyíká àti omi, Ọ̀gbẹ́ni Tokunbo Wahab, kéde pé òfin ti de ike funfun fúyẹ́fúyẹ́ tí àwọn olóúnjẹ fi ń di ìrẹsì fún oníbàárà. Ní ọjọ́ 1 oṣù July 2025, òfin náà fẹsẹ̀ kan àwọn ọ̀rá fẹ́lẹ́ àti àwọn ike àlòsọnù mìíràn. LASEPA, àjọ tó ń dáàbò bo àyíká ní ìpínlẹ̀ náà, ń ti àwọn ilé iṣẹ́ tó ń da omi ẹlẹ́gbin síta pa. Wọ́n ní kí àwọn onípákó Òkó Bàbá kó lọ sí Agbọ̀wá, níbi tí wọ́n ti pèsè ibùdó tuntun sílẹ̀ dè wọ́n. Wọ́n sì ti sọ ọ́ ní gbangba pé àwọn fẹ́ fòpin sí dída ìgbẹ́ sí omi ní Ìddó. Ìwé ìròyìn yìí kò ní fojú kékeré wo ìyẹn. Ìjọba tó bá fọwọ́ kan ọ̀rá ní ọjà Èkó ti fọwọ́ kan oúnjẹ ọ̀pọ̀ èèyàn, ó sì gba ìgboyà.

Àmọ́ ọ̀rá àti ike ni ojú ń rí nítorí pé orí omi ni wọ́n ń léfòó sí. Èyí tó ń pa ẹja kì í sábà léfòó. Ó ń yòrò mọ́ omi, tàbí kó rì lọ bo ilẹ̀ tí ẹja ń yé sí. Bí wọ́n bá ṣa gbogbo ọ̀rá orí ọ̀sà kúrò lónìí, tí ojú omi mọ́ tónítóní, ẹja kò ní tìtorí ìyẹn padà wálé lọ́la. Ohun tí ìwé ìròyìn yìí fẹ́ kí ìjọba gbọ́ kò ju méjì lọ: kí wọ́n kọ́kọ́ dí ẹnu páìpù tó ń ya ẹ̀gbin sínú ọ̀sà, kí wọ́n sì máa wọn omi náà lóòrèkóòrè, kí tọmọdé tàgbà máa rí èsì rẹ̀ kà.

Ọ̀sà Èkó kì í ṣe omi tó lè gba gbogbo ohun tí wọ́n bá dà sí i. Fífẹ̀ rẹ̀ tó nǹkan bíi 208 kìlómítà onígun mẹ́rin lóòótọ́, ṣùgbọ́n kò jìn. Bí wọ́n bá pín jíjìn rẹ̀ dọ́gba, kò ju bíi mítà 1.5 lọ, àfi ibi tí wọ́n ti wa ọ̀nà fún ọkọ̀ ojú omi. Ní ọ̀pọ̀ ibi, àgbàlagbà lè dúró nínú rẹ̀ kí orí rẹ̀ yọ síta. Ẹnu kan ṣoṣo ló sì fi ń kan òkun láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún dé òpin rẹ̀, ìyẹn ẹnu ọ̀nà tí wọ́n ń pè ní Commodore Channel. Ohun tó bá wọ inú irú omi bẹ́ẹ̀ kì í tètè jáde.

Nígbà òjò, odò Ògùn, odò Májídùn àti àwọn odò kéékèèké mìíràn á ya omi dídùn sínú ọ̀sà. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, omi òkun á gba ẹnu ọ̀nà yẹn wọlé, ọ̀sà á sì níyọ̀. Pàṣípààrọ̀ yìí ni àwọn ẹja ibẹ̀ fi ń ka oṣù. Àwọn ẹja òkun kan ń wọlé wá tọ́ ọmọ wọn dàgbà kí wọ́n tó padà. Ẹpìyà ní ibùgbé tirẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ koríko etí omi, òbòkún ní tirẹ̀ ní ìsàlẹ̀ níbi tó ti ń wá ohun jíjẹ nínú ẹrẹ̀, edé àti akàn sì ń sá pamọ́ sáàárín gbòǹgbò igi ẹ̀gbà tó nà wọ inú omi bí ẹsẹ̀ aláǹtakùn. Nígbà tí wọ́n bá ń sọ pé àwọn fẹ́ dá ibùgbé ẹja padà, ohun tí wọ́n ń sọ nìyẹn: omi tó ṣeé mí, ilẹ̀ tó ṣeé yé sí, àti igi tó ṣeé sá sí.

Ìgbẹ́ ń ba ti àkọ́kọ́ jẹ́. Bó bá ti wọ omi, àwọn kòkòrò àìfojúrí tó ń jẹ ẹ́ á pọ̀ rẹpẹtẹ. Bí wọ́n ṣe ń jẹ ni wọ́n ń mí, afẹ́fẹ́ ọ́síjìn tó wà nínú omi ni wọ́n sì ń mí sínú, èyí tí ẹja náà gbójú lé. Ẹja tó lágbára á sá lọ. Ẹyin ẹja kò ní lẹbẹ́ tí yóò fi sá. Ìyẹ̀ pákó láti Òkó Bàbá ń ba ìkejì jẹ́. Ó ń rì, ó ń jẹrà díẹ̀díẹ̀, ó sì ń tẹ́ lé orí ìṣáwùrù àti àwọn kòkòrò inú ẹrẹ̀ tí òbòkún ń jẹ, bí ìgbà tí ènìyàn bá da ẹrù aṣọ bo ọmọ tó ń sùn. Lẹ́yìn náà ni ti àwọn ilé iṣẹ́. Odò Ìyá Aláró, tó ń gba ọ̀nà Ìkẹjà àti Ìlúpéjú bọ̀ wá sí ọ̀sà, fi orúkọ rẹ̀ rántí ìyá kan tó ń paṣọ láró. Aró ìgbà tìyá, ewé ẹ̀lú ni. Èyí tó ń ṣàn níbẹ̀ lóde òní ń ti ẹ̀yìn ilé iṣẹ́ wá, kò sì sí ẹni tó lè bu ú rẹ aṣọ.

Èkó kọ́ ni ìlú àkọ́kọ́ tó fi omi rẹ̀ ṣe ṣalángá. Ìlú Seattle, ní ìwọ̀ oòrùn Amẹ́ríkà, ṣe é rí. Láàárín ọdún 1950 sí 1960, ilé ìtọ́jú ìdọ̀tí tó tó 10 ló ń da omi tó ń ti ibẹ̀ jáde sínú adágún Washington. Ní 1955, onímọ̀ kan ní Yunifásítì Washington, W. T. Edmondson, àti àwọn tó ń bá a ṣiṣẹ́ rí ohun kan nínú adágún náà tó kó ọkàn wọn sókè: ewéko inú omi kan tí ojú lásán kò lè rí lọ́kọ̀ọ̀kan, tí wọ́n ń pè ní Oscillatoria rubescens. Wọ́n mọ̀ ọ́n láti orí àwọn adágún ilẹ̀ Yúróòpù. Níbi tó bá ti yọjú, kì í pẹ́ tí omi á fi bẹ̀rẹ̀ sí í rùn. Kò sì pẹ́ tí ti Seattle náà fi rùn, débi pé àwọn ará ìlú sọ adágún wọn lórúkọ yẹ̀yẹ́.

Ìjọba ibẹ̀ kò bẹ̀rẹ̀ láti orí omi. Wọ́n gbé àbá kan wá síwájú àwọn olùdìbò ní 1958 pé kí gbogbo ìlú tó yí adágún náà ká dá àjọ kan ṣoṣo sílẹ̀, kí wọ́n ri páìpù ńlá, kí ìdọ̀tí ìlú má tilẹ̀ dé inú adágún mọ́. Lóṣù March ọdún náà, àwọn olùdìbò kọ̀ ọ́. Lóṣù September, wọ́n gbà á. Láti 1963 ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í darí páìpù kọ̀ọ̀kan kúrò, wọ́n sì parí rẹ̀ ní 1968. Omi ẹlẹ́gbin náà ń gba ilé ìtọ́jú kọjá kó tó lọ sí òkun.

Báwo ni wọ́n ṣe mọ̀ pé iṣẹ́ náà ń ṣiṣẹ́? Àwo funfun kan ni. Àlùfáà kan ní Ítálì, Angelo Secchi, ló kọ́kọ́ lò ó ní 1865. Wọ́n á so okùn mọ́ àwo náà, wọ́n á máa sọ̀ ọ́ sínú omi díẹ̀díẹ̀, wọ́n á sì wọn ibi tí okùn dé nígbà tí ojú kò bá rí àwo náà mọ́. Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ní adágún Washington, ojú kì í rí àwo náà mọ́ ní nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 76 ní 1964. Nígbà tó fi máa di 1968, ó ti tó mítà 3. Kò sí ẹni tó fọ omi náà. Wọ́n kàn dẹ́kun dída nǹkan sí i ni, àwọn odò tó ń ṣàn wọ inú rẹ̀ sì ṣe ìyókù.

Ìtàn Seattle dùn ún gbọ́ nítorí pé wọ́n tètè gbọ́n. Ti adágún Onondaga, ní ìlú Syracuse ní ìpínlẹ̀ New York, kò dùn tó bẹ́ẹ̀, ìdí sì nìyí tó fi yẹ kí Èkó fara balẹ̀ gbọ́ ọ. Láti 1940 ni wọ́n ti ní kí ẹnikẹ́ni má lúwẹ̀ẹ́ nínú adágún yẹn mọ́. Láàárín 1946 sí 1970, ilé iṣẹ́ kẹ́míkà kan tó wà létí rẹ̀, Allied Chemical, da mẹ́kúrì tó tó nǹkan bíi tọ́ọ̀nù 75 sínú rẹ̀. Ní 1970, wọ́n fòfin de ẹja pípa níbẹ̀. Ìdọ̀tí ìlú náà ń wọlé láti ilé ìtọ́jú kan tí omi rẹ̀ nìkan tó ìdá kan nínú márùn-ún gbogbo omi tó ń wọ adágún lọ́dún.

Ilé ẹjọ́ ló la ọ̀nà. Ní 1988, ẹgbẹ́ kan tó ń jà fún àyíká, Atlantic States Legal Foundation, pe ìjọba ìbílẹ̀ Onondaga lẹ́jọ́ lórí ìdọ̀tí ìlú. Lọ́dún kejì rẹ̀, ìjọba ìpínlẹ̀ New York pe ilé iṣẹ́ náà lẹ́jọ́ lórí kẹ́míkà. Ní 1994, ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà kọ adágún náà mọ́ àwọn ibi tí májèlé wọn burú jù lọ ní orílẹ̀-èdè náà. Nígbà tí wọ́n wá dìde sí iṣẹ́, Honeywell, tó jogún ilé iṣẹ́ kẹ́míkà náà, ló san owó. Ètò tí wọ́n fọwọ́ sí lé ní 450 mílíọ̀nù dọ́là. Láàárín 2012 sí 2014, ẹ̀rọ wa ẹrẹ̀ tó lé ní mílíọ̀nù 1.5 mítà onígun jáde nísàlẹ̀ omi, wọ́n sì fi yanrìn àti òkúta bo ọ̀pọ̀ ibi tó kù. Wọ́n gbin koríko àti igi padà sí etí omi. Ilé ìtọ́jú ìdọ̀tí ìlú gba ẹ̀rọ tuntun. Lónìí, irú ẹja tó lé ní 60 ni wọ́n ti rí kà níbẹ̀, ẹyẹ idì sì ń wá lo ìgbà òtútù létí rẹ̀.

Síbẹ̀, ìkìlọ̀ ṣì wà lórí jíjẹ ẹja adágún náà, nítorí mẹ́kúrì. Àwọn ènìyàn Onondaga, tí wọ́n ni ilẹ̀ náà kí òyìnbó tó dé, tí omi náà sì jẹ́ ibi mímọ́ fún wọn, ṣì ń sọ pé bíbo májèlé mọ́lẹ̀ kì í ṣe kíkó o kúrò. Ẹni tó bá mọ ohun tí Ọlọ́sà, òrìṣà inú ọ̀sà, jẹ́ fún àwọn apẹja Èkó látijọ́ kò ní bi wọ́n léèrè ìdí tí wọ́n fi ń janpata. Ìyàtọ̀ tó wà láàárín adágún méjèèjì yìí rọrùn ún rí. Èyí tí wọ́n tètè dí páìpù rẹ̀ fúnra rẹ̀ mọ́ láàárín ọdún mélòó kan. Èyí tí wọ́n jẹ́ kí májèlé rì sínú ẹrẹ̀ rẹ̀ ń náni lówó títí dòní. Ọdún kọ̀ọ̀kan tí Èkó bá fi jáfara ń ti ọ̀sà láti ẹ̀yìn Seattle sí ẹ̀yìn Onondaga.

Bí àpẹẹrẹ òyìnbó bá jìnnà jù, ti alámùúlégbè wà ńbí. Ọ̀sà Èkó àti adágún Nokoué ní Kútọnu jọ so kọ́ra wọn ni, láti ọ̀nà Àgbádárìgì àti Porto-Novo. Ọ̀nà omi yẹn náà ni èpò olódòdó àlùkò tó ń bo ojú omi gbà wọ Èkó ní 1984. Kò pẹ́ tí ọkọ̀ kò fi lè kọjá mọ́, tí àwọ̀n kò fi ṣeé jù. Omi oníyọ̀ ẹ̀ẹ̀rùn ń pa á lọ́dọọdún ní Èkó, òjò á sì tún gbé òmíràn dé. Ìgbẹ́ àti fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì inú omi ni ajílẹ̀ tó ń jẹ tó fi ń gbilẹ̀.

Ní gúúsù orílẹ̀-èdè Benin, láti 1991 ni àwọn onímọ̀ IITA, àjọ ìwádìí iṣẹ́ àgbẹ̀ tí olú ilé rẹ̀ wà ní Ìbàdàn, ti bẹ̀rẹ̀ sí í tú kòkòrò kéékèèké kan sílẹ̀, tí kì í jẹ nǹkan mìíràn ju èpò náà lọ. Wọ́n ṣírò rẹ̀ lẹ́yìn náà. Nígbà tí èpò náà wà lógo rẹ̀, nǹkan bíi 84 mílíọ̀nù dọ́là ló ń dín kù lọ́dún nínú owó tó ń wọlé fún àwọn ènìyàn bíi 200,000 tó ń gbé ní àgbègbè yẹn. Ọkùnrin ń pàdánù nínú ẹja pípa, obìnrin ń pàdánù nínú òwò ẹja àti oúnjẹ. Kòkòrò náà dá bíi 30.5 mílíọ̀nù dọ́là padà sí ọwọ́ wọn lọ́dún. Gbogbo ohun tí wọ́n ná sórí rẹ̀ kò ju bíi mílíọ̀nù 2 dọ́là lọ. Òógùn ọwọ́ àwọn onímọ̀ tó fi Ìbàdàn ṣe olú ilé nìyẹn.

Ohun mìíràn tún wà tí Benin ṣe. Ní 2000, ìjọba ibẹ̀ fi orúkọ adágún Nokoué, ọ̀sà Porto-Novo àti ìsàlẹ̀ odò Ouémé sílẹ̀ lábẹ́ àdéhùn Ramsar, tó wà fún ààbò àwọn ilẹ̀ olómi lágbàáyé. Ìyẹn kò ní kí Nokoué mọ́ o. Ọ̀pọ̀ ọdún ni Dantokpa, ọjà ńlá Kútọnu, fi wà létí omi, awuyewuye lórí àkájà, ìyẹn igi tí àwọn apẹja ń rì mọ́lẹ̀ kí ẹja lè kó jọ, sì ti pẹ́ níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ìjọba tó bá fi ọwọ́ sí irú ìwé bẹ́ẹ̀ ti gbà pé àwọn yóò máa jíhìn. Nàìjíríà ní ilẹ̀ olómi 11 lórí ìwé kan náà. Ọ̀sà Èkó kò sí lára wọn.

Bóyá nítorí pé ó pẹ́ kí wọ́n tó mọ ẹni tó ni ín ni. Ìjọba Èkó dá LASWA sílẹ̀ ní 2008 láti máa mójú tó ojú omi ìpínlẹ̀ náà. Àjọ NIWA ti ìjọba àpapọ̀ ní tòun ni. Ẹjọ́ náà gba ilé ẹjọ́ kan dé òmíràn, títí Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ fi dá a ní oṣù January 2024 pé ìjọba àpapọ̀ ló láṣẹ lórí ojú omi náà. Ẹni tó bá ka ìròyìn ẹjọ́ yẹn dáadáa á rí i pé ọ̀rọ̀ ìwé àṣẹ àti owó tó ń wọlé ló gbilẹ̀ jù nínú rẹ̀: ta ni yóò gba owó lọ́wọ́ ọlọ́kọ̀, ta ni yóò gba owó lọ́wọ́ awayanrìn. Kò sí èyí tó lọ sílé ẹjọ́ láti bèèrè pé ta ni yóò kó ìgbẹ́ kúrò nínú omi. Bàbá méjì ń du ọmọ nítorí ogún, ọmọ náà ń ṣàìsàn.

Ẹ wo ọ̀rọ̀ yanrìn. Ẹ̀rọ tó ń wa yanrìn nínú ọ̀sà ń gbẹ́ kòtò sí ibi tó tẹ́jú tẹ́lẹ̀, ó sì ń rú ẹrẹ̀ sókè tí ìmọ́lẹ̀ kò fi lè dé ìsàlẹ̀. Yanrìn yẹn ni wọ́n fi ń kọ́ ilé, òun náà ni wọ́n fi ń kún omi di ilẹ̀. Banana Island àti Osborne Foreshore, tí wọ́n wà lára ibi tí ilẹ̀ ti gbówó lórí jù ní Èkó, omi ni wọ́n jẹ́ kí wọ́n tó di ilẹ̀. Ìwé ìròyìn yìí kò sọ pé kí ẹnikẹ́ni má kọ́lé mọ́. Ohun tó ń sọ ni pé ìjọba kò lè fi ọwọ́ ọ̀tún pe ẹja padà, kó máa fi ọwọ́ òsì fọwọ́ sí ìwé pé kí wọ́n da yanrìn bo ibi tí ẹja náà yóò padà sí.

Nígbà tó sì jẹ́ pé ọ̀rọ̀ àyíká ni, Mákòókó, àdúgbò apẹja tí wọ́n kọ́ sórí omi, ni wọ́n máa ń kọ́kọ́ rántí. Ní oṣù July 2012, wákàtí 72 ni wọ́n fún àwọn ará ibẹ̀ kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí í wó ilé wọn, pé wọ́n ń ba àyíká jẹ́ wà lára ẹ̀sùn tí wọ́n fi kàn wọ́n. Òótọ́ ni pé ìdọ̀tí ilé Mákòókó ń bọ́ sínú omi, kò sí ẹni tó lè jiyàn rẹ̀. Ṣùgbọ́n táńkà tó ń wá sí Ìddó, kì í ṣe Mákòókó ló ti ń bọ̀. Ilé alájà ló ti ń bọ̀. Bí ìjọba bá fẹ́ mọ ìgbà tí òbòkún bẹ̀rẹ̀ sí í tín-ín-rín, tàbí ibi tí edé kò ti sí mọ́, àwọn apẹja Mákòókó, Bayékù àti Ìbẹ̀ṣẹ̀ ló yẹ kí wọ́n lọ bá. Àwọn obìnrin tó ń yan ẹja níbẹ̀ mọ̀ ọ́n láti inú agbọ̀n: iye ẹja tó ń kún un tẹ́lẹ̀, àti iye tó ń kún un nísinsìnyí.

Àwọn kan á sọ pé owó ni ìṣòro. Wọ́n á ní Èkó kò ní páìpù ìdọ̀tí tó gba abẹ́ gbogbo ilé kọjá bíi ti Seattle, àti pé rírì í yóò gba ọ̀pọ̀ ọdún. Òótọ́ ni wọ́n sọ. Ìdí nìyẹn tí ọ̀rọ̀ táńkà fi ṣe kókó, nítorí táńkà ni páìpù Èkó. Bí wọ́n bá kàn ti ẹnu Ìddó pa, tí wọ́n fi ọlọ́pàá síbẹ̀, onítáńkà kò ní gbé ìgbẹ́ relé. Á lọ tú u sí kánààlì lóru, kánààlì á sì gbé e wá sí ọ̀sà kan náà. Ibi tí yóò tú u sí ló gbọ́dọ̀ wà ná, kó súnmọ́ ojú ọ̀nà, kí owó ibẹ̀ má pọ̀ jù fún un, kó sì wà ní ṣíṣí ní gbogbo ìgbà tó bá ń ṣiṣẹ́.

Wọ́n ti ṣe é nítòsí. Ní ìlú Accra, ọ̀pọ̀ ọdún ni táńkà fi ń tú ìgbẹ́ sí etí òkun níbi tí wọ́n fi yẹ̀yẹ́ pè ní Lavender Hill, bí ẹni pé òdòdó olóòórùn dídùn ló ń hù níbẹ̀. Ìjọba Ghana àti ilé iṣẹ́ aládàáni kan jọ kọ́ ibi ìtọ́jú ìgbẹ́ sí ibẹ̀ gan-an, wọ́n sì ṣí i ní 2016. Táńkà náà kò yí ọ̀nà padà. Ibi tí wọ́n ń lọ tẹ́lẹ̀ náà ni wọ́n ń lọ, àmọ́ inú ilé iṣẹ́ ni wọ́n ń tú ẹrù sí báyìí, níbi tí wọ́n ti ń fi ṣe gáàsì àti ajílẹ̀. Ohun tó ṣeé ṣe ní Accra kò lè di ohun ìyanu ní Èkó.

Nítorí náà, ohun tí ìwé ìròyìn yìí ń bèèrè kò díjú. Kí Ìjọba Èkó sọ ọjọ́ tí táńkà ìkẹyìn yóò tú ìgbẹ́ sínú ọ̀sà, kí wọ́n sì sọ ibi tí èyí tó bá tẹ̀ lé e yóò lọ. Kí LASEPA máa gbé orúkọ àwọn ilé iṣẹ́ tí wọ́n bá tì jáde, pẹ̀lú ohun tí wọ́n bá nínú omi wọn àti ohun tí wọ́n ṣe kí wọ́n tó ṣí wọn padà, nítorí ilé iṣẹ́ tí wọ́n tì lọ́jọ́ Monday tó sì ń ṣiṣẹ́ lọ́jọ́ Friday kò tíì fọ nǹkan kan. Kí ọ̀rọ̀ Òkó Bàbá má parí sí kíkó àwọn onípákó lọ, torí ìyẹ̀ pákó ọ̀pọ̀ ọdún ṣì wà nísàlẹ̀ omi níbẹ̀, kò sì ní bá wọn lọ sí Agbọ̀wá. Kí NIWA àti LASWA jókòó, kí wọ́n pín iṣẹ́ náà bí wọ́n ṣe du owó náà. Kí ìjọba àpapọ̀, tí ilé ẹjọ́ ti fi ọ̀sà lé lọ́wọ́, fi orúkọ rẹ̀ sílẹ̀ lábẹ́ Ramsar. Kí wọ́n sì pààlà sí àwọn ibi tí igi ẹ̀gbà ṣì kù sí, kí ẹ̀rọ awayanrìn má débẹ̀.

Lẹ́yìn gbogbo ìyẹn, kí wọ́n máa wọ̀n ọ́n. Àwo funfun nìkan kò lè sọ iye kòkòrò àrùn tó wà nínú omi tàbí bí mẹ́kúrì ṣe pọ̀ tó nínú ẹja, ẹrẹ̀ òjò sì lè tan ojú jẹ. Ìwọ̀n ọ́síjìn àti ti kòkòrò ìgbẹ́ gbọ́dọ̀ wà pẹ̀lú rẹ̀, àwọn ọ̀mọ̀wé sì wà ní Yunifásítì Èkó ní Akọkà, tí ọgbà wọn wà létí ọ̀sà kan náà, tó lè ṣe é. Àmọ́ àwo náà ni èyí tí apẹja tí kò mọ̀wé lè bá wọn ṣe, tí ọmọ ilé ìwé lè lóye rẹ̀, tí òṣèlú kò sì lè fi gírámà bò.

Owó àwo kan, okùn kan àti irin tí wọ́n á so mọ́ ìdí rẹ̀ kí ó lè rì kò tó owó dísù tí táńkà kan ń jó lọ́jọ́ kan. Kí wọ́n gbé e lọ sí Ìddó lóṣù yìí, kí apẹja kan àti òṣìṣẹ́ ìjọba kan jọ sọ̀ ọ́ sínú omi láti inú ọkọ̀. Kí wọ́n kọ iye sẹ̀ǹtímítà tí okùn dé sí ara pátákó ńlá kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ afárá, níbi tí àwọn tó wà nínú dánfó á ti lè kà á nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ. Tí oṣù bá yí po, kí wọ́n kọ òmíràn sí abẹ́ rẹ̀.